Ọ̀gá tó lè buwọ́ lùwé ní Ṣakí

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọba tó kéré bíńtín, Ìbàdàn ni wọ́n ní ká gbé e lọ. Ṣé àwa ará Òkè-Ògùn kò lè ní ọ̀gá tó ń pàṣẹ nílé ni? (Tíṣà, Ṣakí)

ÌDÁHÙN: Tíṣà, ọ́fíìsì ò wọ́n yín. Pátákó wà lẹ́nu ọ̀nà, akọ̀wé wà nídìí tábìlì. Ìbuwọ́lùwé ló wọ́n. Fáìlì ní láti gba Ìsẹ́yìn dé Ìbàdàn, kó lọ jókòó síwájú ọ̀gá tí kò dé Ṣakí rí.

Bí wọ́n ṣe ṣètò ẹ̀ náà nìyẹn. Òṣìṣẹ́ ipele 1 sí 6 nìkan ni ìjọba ìbílẹ̀ ń gbà fúnra rẹ̀. Láti ipele 7 sókè, àjọ tó wà ní olú ìlú ìpínlẹ̀ ló ń gbà á, tó ń gbé e ga, tó sì ń gbé e kiri. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa dé ọwọ́ wọn tààrà. Ó dáa o, àmọ́ kò fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ ipele 7.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀gá lè kúrò ní olú ìlú. Nílùú Ọba, ní 2021, wọ́n kéde pé àwọn kan lára òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ìṣúná, tọ̀gá-tọ̀gá, yóò máa ṣiṣẹ́ ní ìlú Darlington dípò London, olú ìlú wọn.

Bí aṣòfin yín bá wálé, ẹ má tọrọ ilé tuntun. Ẹ bi í pé: ìwé wo ni ọ̀gá Ṣakí lè buwọ́ lù láìkọ́kọ́ pe Ìbàdàn?