SÀLẸ́ŃSÀ ỌKỌ̀, ÀTI BÍ A TI Í FI ỌWỌ́ ṢE É



Ìlú Ìfọ́n wà lójú ọ̀nà tí ó ti Ọ̀wọ̀ lọ sí Bìní. Ẹni tí ó bá ń kọ́ ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ tí ó súnmọ́ irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ìgbà púpọ̀ ni olùkọ́ ní láti dákẹ́ ní àárín ọ̀rọ̀ rẹ̀ títí ọkọ̀ kan yóò fi kọjá. Ọkọ̀ mìíràn a kọjá, a kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ìró rẹ̀. Òmíràn a sì dún tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ yóò fi ọwọ́ di etí. Bí ọmọ kan bá béèrè pé, “Tíṣà, kí ló dé tí èyí fi ń pariwo tí tọ̀hún kò sì pariwo?” èsì wo ni olùkọ́ yóò fún un? Èsì náà wà nínú ohun-èlò irin kan tí a so mọ́ abẹ́ ọkọ̀, tí a ń pè ní sàlẹ́ńsà. Nínú ẹ̀kọ́ yìí a ó wo ohun tí sàlẹ́ńsà jẹ́, bí oníṣẹ́ irin ti lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é fún ọkọ̀ tí ó ti pẹ́, àti ìdí rẹ̀ tí ẹni tí ó bá ń ṣe é kò fi gbọdọ̀ fi iṣẹ́ náà ṣeré.

1. OHUN TÍ Ó Ń FA ARIWO

Kí olùkọ́ mú àpò bébà méjì wá sí kíláàsì. Kí ó fẹ́ atẹ́gùn kún ọ̀kan, kí ó di ẹnu rẹ̀, kí ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ lù ú: yóò dún gbàmù. Kí ó fẹ́ èkejì bákan náà, ṣùgbọ́n kí ó fi abẹ́rẹ́ gún un ní ihò díẹ̀, kí ó sì rọra tẹ̀ ẹ́: atẹ́gùn inú rẹ̀ yóò jáde tán, etí kì yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ nǹkan. Atẹ́gùn inú àpò kan kò pọ̀ ju ti èkejì lọ. Ìyàtọ̀ wọn ni pé ti èkíní jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ti èkejì sì jáde díẹ̀díẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí nínú ẹ́ńjìnnì. Epo bẹntiróòlù àti afẹ́fẹ́ a pàdé nínú sìlíńdà, iná a ṣẹ́ sí wọn, wọn a gbiná lójijì, wọn a sì ti písítìn lọ. Nígbà tí fáàfù bá ṣí, èéfín gbígbóná tí ó ṣì ní ipá púpọ̀ a tú jáde. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Nínú ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà mẹ́rin, irú èyí tí ó wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ kékeré, sìlíńdà kọ̀ọ̀kan ń tú èéfín jáde lẹ́ẹ̀kan bí ẹ́ńjìnnì bá ti yí ní ẹ̀ẹ̀mejì. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, ìgbà 6,000 ni èéfín yóò tú jáde ní ìṣẹ́jú náà, èyí tí í ṣe ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ó dàbí ẹni pé a ń lu ọgọ́rùn-ún àpò bébà kí ènìyàn tó pe orúkọ ara rẹ̀ tán.

2. IṢẸ́ TÍ SÀLẸ́ŃSÀ Ń ṢE

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ńṣe ni sàlẹ́ńsà ń dí èéfín lọ́nà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá dí èéfín, ẹ́ńjìnnì kò ní lè mí; èéfín àná yóò gba àyè afẹ́fẹ́ tuntun, agbára ọkọ̀ yóò dín kù, epo tí ó ń jẹ yóò sì pọ̀ sí i. Iṣẹ́ sàlẹ́ńsà ni láti gba ipá lọ́wọ́ èéfín láìdá a dúró. Ọ̀nà méjì ni ó ń gbà ṣe èyí.

Ọ̀nà èkíní ni àyè gbígbòòrò. Ẹ ti rí àgbàrá òjò tí ó ń sáré bọ̀ láti orí òkè. Nígbà tí ó bá wọ inú ọ̀gọ̀dọ̀, ó tàn ká, ipá rẹ̀ rọ̀, ó sì ń gba ìhà kejì jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ti èéfín tí ó ti inú páìpù tóóró bọ́ sínú àpótí irin tí ó fẹ̀. Pẹ̀lúpẹ̀lù, ìgbì ohùn tí ó bá dé ibi tí àyè ti yí padà lójijì, apá kan rẹ̀ a ta padà sẹ́yìn, a pàdé èyí tí ń bọ̀, wọn a sì sọ agbára ara wọn di asán. Nítorí náà ni a ṣe máa ń pín inú irú sàlẹ́ńsà bẹ́ẹ̀ sí yàrá méjì tàbí mẹ́ta.

Ọ̀nà kejì ni ohun rírọ̀. Onílù mọ̀ pé bí òun bá ki aṣọ bọ inú ìlù, ohùn rẹ̀ a kú. Nínú irú sàlẹ́ńsà kejì yìí, páìpù tí a lu ihò sí lára gba àárín kọjá tààrà, a fi òwú irin tàbí òwú gíláàsì yí i ká, a sì fi irin bo gbogbo rẹ̀. Èéfín a kọjá láìsí ìdíwọ́, ṣùgbọ́n ohùn a gba ojú ihò wọ inú òwú, a sì kú síbẹ̀. Èyí ni ó rọrùn jù láti fi ọwọ́ ṣe, òun náà ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ní ọkọ̀ eré-ìje sì fẹ́ràn, nítorí kì í há ẹ́ńjìnnì láyà.

Ọgbọ́n yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ní ọdún 1897 ni Milton Reeves àti Marshall Reeves, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ará ìlú Columbus ní ìpínlẹ̀ Indiana ní Amẹ́ríkà, gba ìwé-ẹ̀rí ìjọba fún sàlẹ́ńsà ẹ́ńjìnnì tí wọ́n hùmọ̀.

3. ÈÉṢE TÍ A FI Ń FI ỌWỌ́ ṢE É?

Ìdí kan ni pé ọkọ̀ mìíràn a máa pẹ́ láyé ju ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é lọ. Ní ọdún 1975 ni a bẹ̀rẹ̀ sí to ọkọ̀ Volkswagen pọ̀ ní Èkó, nínú èyí tí ọ̀kan wà tí àwọn ènìyàn wa sọ ní Ìjàpá nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó rí roboto. Ní ọdún kan náà ni a bẹ̀rẹ̀ sí to Peugeot 504 pọ̀ ní Kàdúná. A kò ṣe ọkọ̀ méjèèjì wọ̀nyí mọ́. Ní ọdún 2003 ni Ìjàpá ìkẹyìn jáde ní ilẹ̀ Mexico. Bákan náà ni ilé-iṣẹ́ tí ó ń ṣe MG, ọkọ̀ eré-ìje kékeré oníjókòó méjì, ní Abingdon ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ọdún 1980. Síbẹ̀ àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ṣì ní olówó wọn tí kò fẹ́ jẹ́ kí wọ́n kú.

Ìdí kejì ni pé sàlẹ́ńsà kì í pẹ́ bí ara ọkọ̀. Bí bẹntiróòlù lítà kan bá jó tán, omi tí ó ti inú rẹ̀ jáde gẹ́gẹ́ bí oruku gbígbóná a máa tó bí lítà kan. Bí ọkọ̀ bá rìn jìnnà, sàlẹ́ńsà a gbóná, omi a sì gbẹ. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí kò ju kí ó lọ sí ọjà kí ó sì bọ̀, omi a dúró sínú tirẹ̀, irin a sì dípẹtà láti inú wá síta.

Nígbà tí ó bá jẹrà tán, olówó ọkọ̀ a gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ wẹ́dà. Òmíràn nínú wọn a gé sàlẹ́ńsà náà sọnù, a sì fi páìpù lásán rọ́pò rẹ̀. Ọ̀nà tí ó rọrùn nìyẹn, ṣùgbọ́n etí ni ó ń san gbèsè rẹ̀. Àwọn onímọ̀ fi ìwọ̀n tí a ń pè ní decibel díwọ̀n ariwo, wọ́n sì kọ́ wa pé ènìyàn kò gbọdọ̀ wà nínú ariwo 85 ju wákàtí 8 lọ lóòjọ́. Bí ariwo bá fi 3 lé sí i, àkókò náà a dín sí ìdajì: 88, wákàtí 4, 91, wákàtí 2, 94, wákàtí kan péré. Etí tí ariwo bá ti bàjẹ́ kì í sàn mọ́.

4. BÍ A TI Í ṢE É

Ẹ jẹ́ kí a mú ọkọ̀ kan tí ẹnu páìpù rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 45.

Èkíní, a ó wọn àyè tí ó wà lábẹ́ ọkọ̀. Ọkọ̀ eré-ìje a máa súnmọ́ ilẹ̀, nítorí náà sàlẹ́ńsà tirẹ̀ kò gbọdọ̀ tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí òkúta yóò fi máa gbá a. Ká ní àyè gba ìgò irin tí ó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 12, tí ó sì gùn ní 45.

Èkejì, a ó ṣe páìpù inú. A ó mú irin pẹlẹbẹ, a ó sì lu ihò mìlímítà 5 sí i kí a tó ká a, nítorí ó ṣòro láti lu ihò sára ohun roboto. Bí a bá fi mìlímítà 9 sí àárín ihò kan àti èkejì, ní ibi tí ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 40, ihò náà yóò lé ní 600. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe kánjú nípa èyí. Lẹ́yìn náà ni a ó ká irin náà, tí a ó sì jó ojú rẹ̀ pọ̀.

Ẹ̀kẹta, a ó gé irin ìta. Báwo ni yóò ti fẹ̀ tó? Ibí yìí ni ìṣirò òbìrí tí a ń kọ́ àwọn ọmọ ti wúlò: 22/7 tí a fi sọ 12 di púpọ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 38 ó dín díẹ̀. A ó fi díẹ̀ lé e fún ojú ibi tí a ó ti jó o pọ̀. A ó sì gé ìdérí roboto méjì, tí a lu ojú rẹ̀ ní àárín kí páìpù lè gbà á kọjá.

Ẹ̀kẹrin, a ó fi òwú irin, irú kàn-ìn-kàn-ìn tí a fi ń fọ ìkòkò, wé páìpù oníhò náà ṣinṣin. Òwú gíláàsì ni a ó fi wé e lóde. Kí ó há dáadáa. Bí ó bá dẹ̀, èéfín yóò fẹ́ ẹ jáde. A kò gbọdọ̀ lo òwú ìgbẹ́, tàbí aṣọ, tàbí fóòmù, nítorí iná. A kò sì gbọdọ̀ lo asbestos, nítorí eruku rẹ̀ a máa ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Ẹ̀karùn-ún, a ó jó gbogbo rẹ̀ pọ̀ yíká, láìfi ojú kan sílẹ̀. A ó lu ihò kékeré mìlímítà 3 kan ṣoṣo sí ibi tí ó bá wà nísàlẹ̀ jù lọ, kí omi lè máa kán jáde. Rọ́bà táyà àtijọ́ ni a ó fi so ó kọ́ sábẹ́ ọkọ̀, kí gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì má bàa fà á já.

Ìkìlọ̀ mẹ́ta fún ẹni tí ń jó irin: kí ó má ṣe lo páànù tí a fi ń kan ilé, nítorí sínkì tí a fi bò ó a máa rú èéfín tí ń fa ibà nígbà tí iná bá bà á, kí ó má ṣe lo ìgò tàbí garawa tí epo ti wà nínú rẹ̀ rí, nítorí ó lè bú gbàmù lójú ẹni, kí ó sì tú sàlẹ́ńsà kúrò lára ọkọ̀ kí ó tó jó o, kí iná má bàa súnmọ́ táǹkì epo.

5. EWU TÍ OJÚ KÒ RÍ

Àwọn àgbà a máa wí pé èéfín kò ṣe é fi pamọ́. Òtítọ́ ni èyí nípa èéfín igi ìdáná, ṣùgbọ́n ohun tí ń pa ènìyàn nínú èéfín ọkọ̀ kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Carbon monoxide ni orúkọ rẹ̀. Bí a bá mí i sínú, a máa lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ní ìlọ́po tí ó ju 200 lọ bí ọ́síjìn ti ń lẹ̀ mọ́ ọn, tí ó fi jẹ́ pé ènìyàn ń mí, ṣùgbọ́n èémí rẹ̀ kò ṣe é ní àǹfààní. Orí a fọ́ ọ, òòyì a kọ́ ọ, oorun a sì kùn ún. Ẹni tí ó bá sùn lọ nínú rẹ̀ lè má jí mọ́.

Nítorí náà, ibi tí èéfín ń gbà jáde ṣe pàtàkì ju ariwo lọ. Ẹnu páìpù gbọ́dọ̀ yọ jáde kọjá ẹ̀yìn ara ọkọ̀. Kò gbọdọ̀ parí sábẹ́ ìjókòó. Bí ilẹ̀ ọkọ̀ bá ti jẹrà tí ó sì ní ihò, kí a dí i kí a tó ṣe sàlẹ́ńsà rárá. Nínú Ìjàpá tí ó ní ẹ̀rọ tí ń mú inú ọkọ̀ gbóná, afẹ́fẹ́ tí ń wọlé tọ àwọn èrò wá a máa kọ́kọ́ gba ara páìpù èéfín kọjá; ihò kékeré kan níbẹ̀ ti tó láti da májèlé sí inú ọkọ̀.

Báwo ni a ó ti dán iṣẹ́ wa wò? Nígbà tí ọkọ̀ bá tutù, kí a gbé e sí gbangba, kí a tan ẹ́ńjìnnì, kí a fi àkísà tí ó nípọn dí ẹnu páìpù fún ìgbà díẹ̀, kí a sì tẹ́tí. Níbikíbi tí ó bá ń dún ṣíì, iṣẹ́ kò tíì parí níbẹ̀. Bí a bá ta omi ọṣẹ sí ojú ibi tí a jó, hóhó rẹ̀ yóò fi èyí tí etí kò gbọ́ hàn.

6. ÌPARÍ

Ohun tí a sọ nípa ọkọ̀ yìí jẹ́ ti alùpùpù, ti jẹnẹrétọ̀ àti ti ẹ̀rọ tí a fi ń lọ ata pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá gbé jẹnẹrétọ̀ tí kò pariwo sí yàrá, ariwo nìkan ni ó ti pa. Ikú ṣì wà níbẹ̀. Kí olùkọ́ fi èyí kọ́ àwọn ọmọ, nítorí lára wọn ni àwọn wẹ́dà ọ̀la yóò ti wá, lára wọn sì ni àwọn tí yóò jókòó sínú ọkọ̀ tí wẹ́dà bá ṣe. Ojú kì í rí inú sàlẹ́ńsà tí a bá ti jó o pa. Nítorí náà, ẹ̀rí-ọkàn ẹni tí ó ṣe é ni olùṣọ́ àwọn èrò.

ÌBÉÈRÈ FÚN KÍLÁÀSÌ

1. Èéṣe tí àpò bébà tí a lù fi dún ju èyí tí a gún lọ?
2. Bí ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà mẹ́rin bá ń yí ní ìgbà 2,400 ní ìṣẹ́jú kan, ìgbà mélòó ni èéfín ń tú jáde ní ìṣẹ́jú-àáyá kan?
3. Báwo ni irin tí a ó fi ṣe ìgò sàlẹ́ńsà tí ó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 14 yóò ti fẹ̀ tó?
4. Kí ni ìdí tí a fi ń lu ihò kékeré sí ìsàlẹ̀ sàlẹ́ńsà?
5. Ọkùnrin kan wí pé, “Jẹnẹrétọ̀ mi kì í pariwo, nítorí náà kò léwu nínú ilé.” Fi ohun tí o kọ́ dá a lóhùn.