Ìwọ̀n Oúnjẹ àti Eré Ìdárayá fún Ẹni tí Ó Fẹ́ Dín Sísanra Kù

Láyé àtijọ́, bí ènìyàn bá sanra, àwọn ará ilé rẹ̀ a máa yọ̀ pé ara tù ú. Bí ó bá sì rù, wọn a máa bi í léèrè bóyá àìsàn ni tàbí ìrònú. Ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ nísinsìnyí ní Ọ̀tà àti Sango. Láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ ńláńlá ti pọ̀ ní àgbègbè yìí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ Àwórì àti àwọn àlejò tí ń bá wọn gbé ni kì í lọ sí oko mọ́. Akọ̀wé jókòó sídìí tábìlì láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Obìnrin oníṣòwò jókòó ti ọjà rẹ̀. Awakọ̀ tí ń ná Sango sí Ìdí-Ìrókò jókòó sínú ọkọ̀. Nígbà tí dókítà bá wá sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, tàbí pé àtọ̀gbẹ fẹ́ bá a, ohun tí ó kọ́kọ́ máa ń rò ni bí òun yóò ṣe fọn.

Èrò rere ni èyí. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ń gbà ṣe é ni kò dára. Wọn a sáré ní ìdájí, wọn a fi omi lásán tàbí tíì kan tí wọ́n rà lọ́wọ́ alágbo panu, wọn a sì lọ dúró nídìí ẹ̀rọ fún wákàtí méjìlá. Bí òyì bá kọ́ ènìyàn níbi tí ẹ̀rọ ti ń yí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ sísanra ni yóò kù nílẹ̀ láti sọ mọ́.

Ìwádìí kan wà tí a ṣe ní ilẹ̀ Yorùbá níhìn-ín tí ó yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbọ́. Àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Loyola ní Chicago, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, bá àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Nàìjíríà ṣiṣẹ́ pọ̀ ní ìgbèríko Igbó-Ọrà àti Ìdèrè, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. (Igbó-Ọrà yìí náà ni ìlú tí òkìkí rẹ̀ kàn káyé nítorí ìbejì.) Wọ́n wọn agbára tí obìnrin 149 níbẹ̀ ń lò lójúmọ́, wọ́n sì fi wé ti obìnrin aláwọ̀ dúdú 172 ní Chicago. Obìnrin ti ìgbèríko wọn nǹkan bí kílò 58, ti Chicago sì wọn nǹkan bí kílò 83. Kò sí ẹni tí kò ní rò pé iṣẹ́ àṣekára ni ó mú kí ti ìgbèríko fúyẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí àbájáde jáde ní 2008, a rí i pé kálórì tí àwọn ará ìgbèríko ń lò nínú iṣẹ́ àti ìrìn wọn lójúmọ́ jẹ́ nǹkan bí 800, ti àwọn ará Chicago sì jẹ́ nǹkan bí 760. Ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan. Oúnjẹ ni àwọn olùwádìí náà nawọ́ sí: ti ìgbèríko kò ní ọ̀rá púpọ̀, ó sì kún fún ohun oko; ti Chicago kún fún ọ̀rá àti oúnjẹ tí a ti ilé-iṣẹ́ ṣe wá.

Kálórì ni òṣùwọ̀n agbára inú oúnjẹ, gẹ́gẹ́ bí a ti ń fi kóńgò wọn gaàrí. Ṣíbí ńlá kan tí ó kún fún epo pupa ní nǹkan bí kálórì 120. Ìgò ẹlẹ́rìndòdò kan tí ó gba sẹ̀ǹtílítà 50 ní nǹkan bí 200. Ẹni tí ó wọn kílò 70, bí ó bá fi wákàtí kan gbáko rìn kánmọ́kánmọ́, nǹkan bí 250 ni yóò lò. Nítorí náà, ẹni tí ó rìn tán tí ó wá fi ìgò ẹlẹ́rìndòdò kan àti àkàrà díẹ̀ ṣe ara rẹ̀ lóore ti gba gbogbo ohun tí ó ná padà.

Èyí kò wí pé eré ìdárayá kò wúlò. Ó ń ran ọkàn lọ́wọ́, ó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ríru rọlẹ̀, ó ń jẹ́ kí ara lo ṣúgà bí ó ti yẹ. Ó tún ní iṣẹ́ kan tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀: nígbà tí oúnjẹ bá dín kù, kì í ṣe ọ̀rá nìkan ni ara ń jẹ, ó ń jẹ iṣan pẹ̀lú, eré ìdárayá ni kì í sì í jẹ́ kí iṣan lọ tán. Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìmọ̀ràn tí ó gbé jáde ní 2020, sọ pé kí àgbàlagbà ṣe é fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀, kí ó sì ṣe èyí tí ń mú iṣan le ní ọjọ́ méjì ó kéré tán. Ẹni tí ó ti ń gbé ẹrù ní ilé-iṣẹ́ láti òwúrọ̀ ti ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀ kí ó tó délé. Kò sí ìdí tí yóò fi tún máa sáré lójú títì lálẹ́ bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé.

Ohun tí àìjẹun-tó pẹ̀lú ìrìn púpọ̀ ń ṣe fún ènìyàn ti hàn tipẹ́. Ní 1944 sí 1945, ọ̀jọ̀gbọ́n Ancel Keys ní Yunifásítì Minnesota gba ọkùnrin 36 tí ara wọn le, tí wọ́n yọ̀ǹda ara wọn. Fún ọ̀sẹ̀ 24, nǹkan bí kálórì 1,600 ni wọ́n ń jẹ lójúmọ́, èyí tí ó tó ìdajì ohun tí wọ́n ń jẹ tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ń rin máìlì 22 lọ́sẹ̀. Wọ́n rù lóòótọ́: nǹkan bí ìdá mẹ́rin ìwọ̀n ara wọn lọ. Ṣùgbọ́n òtútù ń mú wọn ṣáá, ẹsẹ̀ wọn wú, ọkàn wọn ń lù jẹ́jẹ́ ju bí ó ti yẹ lọ, inú ń bí wọn sí ara wọn, wọn kò sì ní ọ̀rọ̀ mìíràn ju ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Nígbà tí a tú wọn sílẹ̀, wọ́n jẹun bí ẹni tí kò mọ ìgbà tí inú kún, ọ̀rá tí ó sì padà sí ara wọn ju ti ìṣáájú lọ. Ó yẹ kí a kíyè sí i pé kálórì 1,600 kì í ṣe ebi paraku. Àwọn kan wà ní Sango lónìí tí ohun tí wọ́n ń jẹ kò tó bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì ń pè é ní ìtọ́jú ara.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọkùnrin kan tí ó wọn kílò 80, tí ó ń dúró ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́. Ó lè máa lo nǹkan bí kálórì 2,800 lójúmọ́. Bí ó bá yọ 500 kúrò, yóò máa fi nǹkan bí ìdajì kílò fúyẹ́ lọ́sẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, agbára iṣẹ́ kò sì ní tán lára rẹ̀. Kò yẹ kí obìnrin jẹ ohun tí kò tó 1,200 lójúmọ́, tàbí kí ọkùnrin jẹ ohun tí kò tó 1,500, àyàfi bí dókítà bá ń mójú tó o.

Ibi tí yóò ti yọ 500 náà kò jìnnà. Kí ó fi ẹlẹ́rìndòdò sílẹ̀, kí ó máa mu omi. Kí epo ọbẹ̀ dín kù. Bí òkèlè ẹ̀bà rẹ̀ bá tó ìkúùkù méjì, kí ó sọ ọ́ di ọ̀kan, kí ó sì fi ewédú tàbí ẹ̀fọ́ púpọ̀ dí àyè èkejì. Ìrẹsì Ọ̀fàdà dára nítorí èèpo tí ó kù lára rẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá bù ú ní àbùkún àwo, ìrẹsì náà ni. Èyí tí kò gbọdọ̀ dín kù rárá ni oúnjẹ tí ń tún ara ṣe: ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín, ẹja, ẹyin. Pọ̀nmọ́ dùn lẹ́nu, àwọn olóúnjẹ ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ kò sì fi í ṣọ̀wọ́n, àmọ́ kò lè dúró ní ipò ẹja.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe lọ síbi iṣẹ́ láìjẹun. Ẹ̀kọ gbígbóná pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín kan tàbí ẹyin méjì tó láti gbé ènìyàn dé ọ̀sán. Ẹni tí ó ń ṣe iṣẹ́ òru, kí ó jẹ oúnjẹ rẹ̀ gidi kí ó tó kúrò nílé ní ìrọ̀lẹ́, kí ó sì mú ohun díẹ̀ dání fún ọ̀gànjọ́.

Bí òyì bá ń kọ́ni, bí oorun kò bá wá, bí òtútù bá ń múni nígbà tí ara kò tutù fún ẹlòmíràn, bí nǹkan oṣù obìnrin bá dáwọ́ dúró, ara ń sọ pé oúnjẹ kò tó iṣẹ́ ni. Kí a fi oúnjẹ kún un, kí a sì sinmi. Bí kò bá dẹwọ́, ó di ilé ìwòsàn. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó láti gun òṣùwọ̀n, ní òwúrọ̀ kan náà. Aboyún, ìyá ọlọ́mọ tí ń fún ọmọ lọ́mú, àti ọmọdé tí ń dàgbà kò gbọdọ̀ dá ara wọn lẹ́bi lé oúnjẹ. Ẹni tí ó sì ń lo oògùn àtọ̀gbẹ ní láti kọ́kọ́ lọ bá dókítà ní ilé ìwòsàn ìjọba tàbí ibi ìtọ́jú ìlera tí ó sún mọ́ ọn, nítorí bí oúnjẹ rẹ̀ bá dín kù tí oògùn kò dín, ṣúgà ara rẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì.