Bí Sólà àti Bátìrì Bá Ń Gbé Inú Àpótí Kan

Ọmọ mi, mo gbọ́ pé o fẹ́ ra iná sólà tó gbòde yìí, èyí tí wọ́n ti kó pánẹ́ẹ̀lì, bátìrì àti gílóòbù sínú àpótí kan ṣoṣo, tí wọ́n ń gbé kọ́ ara ògiri láìsí wáyà tó so ó mọ́ ibì kankan. Mi ò ní kí o má rà á. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, àwọn onímọ̀ pàápàá sì ń wá bí méjèèjì ṣe máa di ara kan: lọ́dún 2014, Yiying Wu àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ohio, l'Amẹ́ríkà, ṣe bátìrì kan tó ń gba oòrùn fúnra rẹ̀, tí wọ́n fi wáyà titanium hun ojú rẹ̀ bí asẹ́ kí atẹ́gùn lè ráyè wọlé, torí bátìrì ọ̀hún ń lo afẹ́fẹ́. Wọ́n ní bí pánẹ́ẹ̀lì àti bátìrì bá wà lọ́tọ̀, nínú ìdá 100 iná tí pánẹ́ẹ̀lì bá mú wá, nǹkan bí ìdá 80 ló sábà ń dénú bátìrì. Òfò ojú ọ̀nà yẹn ni wọ́n ń sá fún.

Ti ọjà wa kì í ṣe irú ìyẹn o. Pánẹ́ẹ̀lì lókè, bátìrì lábẹ́ rẹ̀, wọ́n kàn dè wọ́n mọ́ra ni. Bẹ́ẹ̀, pánẹ́ẹ̀lì ò lè ríṣẹ́ ṣe láìsí oòrùn, bátìrì lítíọ́ọ̀mù ò sì fẹ́ràn ooru rárá, tó bá ti kọjá nǹkan bí 45 lórí ìwọ̀n Celsius, iná tó ń gbà gan-an á máa pa á lára, pánẹ́ẹ̀lì tó sì na ara sójú oòrùn ọ̀sán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn máa ń gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Ìdí nìyẹn tí iná tó ń tàn mọ́jú nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e kọ́ fi ń kú, nígbà tó bá yá, kí àwọn ọmọdé tó sùn.

Pánẹ́ẹ̀lì gidi lè lo ọdún 25; bátìrì ò ní bá a dé ìdajì ọ̀nà. Igi ganganran má gún mi lójú, òkèèrè la ti í wò ó: kí o tó sanwó, ọmọ mi, dojú àpótí náà délẹ̀, wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá síkúrù ni wọ́n fi dè é àbí gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ pa, torí èyí tí wọ́n bá lẹ̀ pa, ọjọ́ tí bátìrì bá kú ni wàá da pánẹ́ẹ̀lì tó ṣì lẹ́mìí nù. Bó bá jẹ́ iná àgbàlá lo fẹ́, èyí tó ṣeé tú ti tó. Ti inú ilé, ra pánẹ́ẹ̀lì lọ́tọ̀, ra bátìrì lọ́tọ̀, kí o sì gbé bátìrì síbi tí oòrùn ò ti ní bá a, tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ sí i.