Ẹ Ṣọ́ra fún Ọ̀rọ̀ Tí Ẹ Fẹ́ Sọ Di Kóòdù

Ìjọba ìbílẹ̀ 18 ló wà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Mẹ́jọ péré nínú wọn ni orúkọ wọn jẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, tí kò ní àlàfo tàbí àmì kankan nínú: Idanre, Ifedore, Ilaje, Irele, Odigbo, Okitipupa, Ose àti Owo. Àwọn mẹ́wàá yòókù ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ kóòdù ní Àkúrẹ́ àti ní ìlú Oǹdó fara balẹ̀ wò, kí ẹ tó jẹ́ kí compiler fi wọ́n ṣe kóòdù fún yín.

Iṣẹ́ náà dùn ún ṣe, mi ò ní purọ́. Nínú èdè D tí Walter Bright dá sílẹ̀, ẹ lè kọ ọ̀rọ̀ lásán sáàárín àmì ìfàyọ, kí ẹ wá fi mixin ṣáájú rẹ̀. Bí compiler bá ti dé ibẹ̀, á ka ọ̀rọ̀ yẹn bí ẹni pé ẹ̀yin gan-an lẹ jókòó kọ ọ́ ní kóòdù. Ẹ tilẹ̀ lè ní kó ka fáìlì kan, kó sì ti inú rẹ̀ ṣẹ̀dá ọgọ́rùn-ún ìlà kí ètò náà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rárá. Ẹni tó bá ń ṣe áàpù fún àwọn tó ń gbé ẹrù káàkiri ìpínlẹ̀ wa á rò pé òun ti rí ọ̀nà àbùjá: orúkọ 18 wà nínú fáìlì, mixin á sọ wọ́n di enum, ó parí.

Kò tíì parí. Bí compiler bá rí Akoko North-East, àlàfo á kọ́kọ́ dà á láàmú, lẹ́yìn náà á ka àmì tó wà láàárín North àti East sí àmì àyọkúrò. Bó bá dé orí Ile Oluji/Okeigbo, pípín ni ìlà àárín yẹn lójú rẹ̀. Á pariwo, ẹ ó sì tún un ṣe. Ẹ dúpẹ́ nígbà tó bá pariwo. Èyí tí kò ní pariwo ló ń bà mí lẹ́rù.

Ẹ wo Àkúrẹ́. Kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú Unicode tó dúró fún ẹ́, nítorí náà ńṣe ni kọ̀ǹpútà máa ń tò ó pọ̀. Ẹ̀rọ kan á mú ẹ, á fi àmì òkè lé e. Òmíràn á mú é, á fi àmì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Òmíràn á bẹ̀rẹ̀ láti orí e lásán, á so àmì méjèèjì mọ́ ọn, èyí tó bá wù ú ló máa ṣáájú. Ọ̀nà mẹ́rin nìyẹn. À ní ọ̀nà méjì, ú náà ní méjì. Bí ẹ bá sọ wọ́n di ìlọ́po, ọ̀nà 16 ni orúkọ olú-ìlú wa lè gbà wọ inú fáìlì, ojú lásán ò sì lè mọ ìyàtọ̀. Èyí tí ẹ tẹ̀ lórí fóònù lè má bá ti láptọ́ọ̀pù mu. Èdè Rust máa ń sọ wọ́n di ọ̀kan tó bá jẹ́ orúkọ nínú kóòdù, àmọ́ kì í fọwọ́ kan èyí tó wà nínú string. Bí ẹ bá wá fi string bẹ́ẹ̀ ṣẹ̀dá kóòdù tó ń pinnu owó ẹrù, oníbàárà á kọ Àkúrẹ́ tó péye, ètò yín á ní òun ò mọ ìlú náà. Ká má tíì sọ ti Ilu Abo, Ilu-Abo àti Iluabo, tí kálukú ń kọ bó ṣe wù ú fún ìlú kan náà.

Ewu tó jù lọ ni ti ọ̀rọ̀ tó wá látọwọ́ ẹni tí ẹ ò mọ̀. Ẹ jẹ́ ká ní oníbàárà fi fáìlì Excel ránṣẹ́, tí ẹnì kan sì ti fi àmì ìfàyọ pa àdírẹ́sì dé láàárín ọ̀nà, tó wá kọ àṣẹ tirẹ̀ tẹ̀ lé e. Àdírẹ́sì lẹ̀yin pè é. Compiler pè é ní kóòdù. D ní ààbò díẹ̀: ohun tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí compiler ń ṣiṣẹ́ ò lè kọ fáìlì, kò lè lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀ ni kò lè ka fáìlì àfi tí ẹ bá fi -J yọ̀ǹda fún un. Ṣùgbọ́n àṣẹ tó bá ti wọlé á bá ètò yín dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń lò ó, ibẹ̀ ni yóò ti ṣọṣẹ́. Ti Rust tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé build.rs, fáìlì tó máa ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó kọ́ ètò, àti procedural macro ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú gbogbo àṣẹ tí ẹ̀yin fúnra yín ní lórí ẹ̀rọ. Àṣẹ cargo build lásán ti tó kí wọ́n kó ohun ìpamọ́ yín lọ, kí ẹ tó ṣí ètò náà lẹ́ẹ̀kan péré.

Ẹni tó bá rò pé mo ń sọ àsọdùn, kó rántí xz, irinṣẹ́ tó ń fún fáìlì pọ̀ lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀rọ Linux. Nínú ẹ̀dà 5.6.0 àti 5.6.1, wọ́n fi kóòdù burúkú pamọ́ sínú fáìlì tó jọ ti ìdánwò lásán. Àkọsílẹ̀ tó ń darí bí wọ́n ṣe ń kọ́ ètò náà ló yọ ọ́ síta, tó sì rán an mọ́ ètò. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 2024 ni Andres Freund, òṣìṣẹ́ Microsoft, kéde rẹ̀, lẹ́yìn tó ṣàkíyèsí pé wíwọlé pẹ̀lú SSH ń fi nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá! Mélòó nínú wa ló máa bìkítà, nígbà tí NEPA ti mú iná lọ, tí jẹnẹrétọ̀ sì ń mu epo?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ FUTA, ẹ̀yin ti ilé ẹ̀kọ́ Adéyẹmí l'Oǹdó, ẹ jọ̀wọ́, orúkọ 18 ò pọ̀ jù láti fi ọwọ́ kọ. Bó bá di dandan kí compiler bá yín kọ ọ́, ẹ ya orúkọ tí èèyàn ń kà sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí kóòdù ń lò. Kí ti àkọ́kọ́ máa jẹ́ Ile Oluji/Okeigbo, kí ìkejì jẹ́ ile_oluji_okeigbo, láìsí ohunkóhun nínú rẹ̀ ju a dé z, nọ́ńbà àti ìlà ìsàlẹ̀. Bí nǹkan mìíràn bá yọjú, ẹ fi static assert dá iṣẹ́ dúró. Ẹ sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó ní àmì ohùn di NFC, ìyẹn ọ̀nà ìkọ kan ṣoṣo nínú Unicode, kó tó wọ fáìlì. Nínú D, pragma(msg) á fi string hàn yín kó tó di kóòdù, -mixin á sì kó gbogbo ohun tí compiler ṣẹ̀dá sínú fáìlì kan tí ẹ lè fi ojú yín kà. Ẹni tí RAM láptọ́ọ̀pù rẹ̀ kéré, kó fi -lowmem kún un, torí dmd, compiler èdè D, kì í dá memory padà títí iṣẹ́ á fi parí.

Iṣẹ́ àjèjì tí ẹ gbà láti orí GitHub, ẹ má kọ́ ọ nínú àkáǹtì tí ọ̀rọ̀ báńkì àti kọ́kọ́rọ́ SSH yín wà. Ẹ ṣí àkáǹtì mìíràn sórí ẹ̀rọ náà tàbí kí ẹ lo container, ẹ pa íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn tí gbogbo ohun tó nílò bá ti wọlé, kí ẹ sì ka build.rs látòkè délẹ̀ kí ẹ tó tẹ àṣẹ náà.