Bí A Ṣe Ń Kọ́ Fóònù ní Ayò Títa

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí ẹ ti mọ̀. Ọpọ́n ayò ní ojúlé méjìlá, mẹ́fà níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn méjì tó ń ta á. Ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin ló ń wà nínú ojúlé kọ̀ọ̀kan níbẹ̀rẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 48. Láti Mọ́níyà dé Lálúpọn, láti Ẹ̀rúnmu dé Akánran, ó ṣòro kí ẹ dé abúlé tí ẹ ò ti ní rí àgbà kan tó mọ ayò í ta. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ fi àkókò ìsinmi rẹ̀ ṣe géèmù kékeré sórí fóònù pé kó fi mọ́tò tó ń sáré àti ọmọ ogun tó ń yìnbọn sílẹ̀ ná. Kó ṣe ayò. Òfin rẹ̀ wà nílẹ̀, ẹni tó lè tọ́ ọ sọ́nà ń bẹ nítòsí, nọ́ńbà sì ni gbogbo rẹ̀.

Kí ló dé tí mo fi ní nọ́ńbà ni? Fóònù kò rí ọpọ́n, kò sì mọ igi. Ohun tó ní ni àyè ìrántí, memory lẹ́nu Òyìnbó, tó lè tọ́jú nọ́ńbà sí. Ẹ ní kó ya àyè méjìlá sọ́tọ̀, kí ẹ sì pè wọ́n ní ojúlé 1 títí dé 12. Láti 1 dé 6 jẹ́ tiyín, láti òsì lọ sí ọ̀tún. Láti 7 dé 12 jẹ́ ti ẹni tó kọjú sí yín. Ẹ fi 4 sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àtòjọ báyìí ni wọ́n ń pè ní list. Ẹ tún ya àyè méjì sí i fún iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti jẹ, kí ẹ fi 0 síbẹ̀. Ọpọ́n ti délẹ̀ nìyẹn, bí ẹ ò tilẹ̀ tíì ya àwòrán kankan. Àwòrán aláràbarà tí ojú ń rí nínú géèmù, aṣọ lásán ni. Àwọn nọ́ńbà yìí ni ara tó wọ̀ ọ́.

Ó kù kí ọmọ ayò máa rìn. Nígbà tí àgbà bá ń ta ayò, ọwọ́ rẹ̀ ti mọ ohun tó ń ṣe, kò ronú sí i mọ́. Fóònù kò lè gbé ẹsẹ̀ kan láìjẹ́ pé a pàṣẹ fún un, nítorí náà a ní láti tú ohun tí ọwọ́ àgbà ń ṣe palẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, ka iye ọmọ tó wà nínú ojúlé tí a yàn, kí o sì tọ́jú iye náà sí àyè kan tí a ó pè ní ọwọ́. Lẹ́yìn náà, sọ ojúlé yẹn di 0. Ẹ̀kẹta, bọ́ sí ojúlé tó kàn, fi 1 kún un, kí o yọ 1 kúrò nínú ọwọ́. Bí ọwọ́ kò bá tíì di 0, padà lọ ṣe ìgbésẹ̀ kẹta lẹ́ẹ̀kan sí i. Àyè tí iye inú rẹ̀ ń yí padà bí ọwọ́ yìí ni a ń pè ní ayípadà, èyí tí Òyìnbó ń pè ní variable. Pípadà lọ ṣe ohun kan náà léraléra ni àyípo, loop.

Ẹ jẹ́ ká dán an wò. Ọmọ mẹ́rin wà nínú ojúlé 11, a sì fẹ́ ta á. Fóònù á fi ọ̀kan sí 12, ọ̀kan sí 13, ọ̀kan sí 14, ọ̀kan sí 15. Ojúlé 13 kẹ̀? Àgbà kò lè ṣi irú rẹ̀ ṣe, nítorí ojú rẹ̀ rí i pé ọpọ́n yí po. Nọ́ńbà kì í yí po. Iwájú ló ń lọ ṣáá. Àwa la máa yí i po: bí nọ́ńbà ojúlé bá ju 12 lọ, yọ 12 kúrò nínú rẹ̀. Báyìí ni 13 ṣe máa di 1, tí 14 á di 2, tí 15 á sì di 3. Àṣẹ tó ní “bí” nínú báyìí ni wọ́n ń pè ní condition. Ẹni tó bá ti mọ ayípadà, àyípo àti “bí”, ó ti ní èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí gbogbo géèmù fi ń ṣiṣẹ́.

“Bí” náà la fi ń jẹ ayò. Bí ọmọ ìkẹyìn bá bọ́ sí ojúlé ẹnìkejì, tí iye ibẹ̀ sì di 2 tàbí 3, jẹ ẹ́, kí o wo ojúlé tó ṣáájú rẹ̀ ní ọ̀dọ̀ ẹnìkejì náà. Bí òun náà bá jẹ́ 2 tàbí 3, jẹ ẹ́. Ibi tí kò bá ti rí bẹ́ẹ̀, dúró. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹ 25 ló borí, torí ó ti kọjá ìdajì 48.

Iye 48 yẹn, ẹ má gbàgbé rẹ̀. Ọmọ ayò kì í dédé sọnù, kì í sì í pọ̀ sí i. Bí a bá ro ohun tó wà nínú ojúlé méjèèjìlá pọ̀ mọ́ ohun tí àwọn méjèèjì ti jẹ, 48 ló gbọ́dọ̀ jẹ́ nígbàkígbà. Ẹ ní kí fóònù ṣe ìròpọ̀ yìí lẹ́yìn tí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ta, kó kọ ọ́ sí igun ojú rẹ̀. Bí 52 bá yọ lẹ́yìn tí ẹ ta ojúlé àkọ́kọ́, ẹ lọ wo ìgbésẹ̀ kejì: ó jọ pé ẹ kó ọmọ mẹ́rin láìsọ ojúlé náà di 0. Bí 47 bá yọ, ọ̀kan ti bọ́ sí ibi tí kò yẹ. Irú àṣìṣe inú ètò báyìí ni wọ́n ń pè ní bug. Nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, ibi tí mo fẹ́ràn jù nìyí, pé ìṣirò tí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe ló ń mú àṣìṣe tí ojú kò rí.

Irinṣẹ́ ńkọ́? Scratch, tí wọ́n gbé jáde ní MIT ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2007, ọ̀fẹ́ ni. Ńṣe la ń to àwọn àṣẹ rẹ̀ léra wọn láìkọ ọ̀rọ̀ púpọ̀, ó sì lè dúró lórí kọ̀ǹpútà láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí kò ní ju fóònù Android lọ lè lo Pocket Code, tí wọ́n ṣe ní Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ìlú Graz ní Austria. Níbi tí iná kò ti dúró, ayò tún sàn ju géèmù mọ́tò tó ń sáré lọ. Géèmù tí nǹkan ti ń sáré gbọ́dọ̀ máa tún àwòrán rẹ̀ yà, nígbà 30 tàbí 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn ló sì ń jẹ bátìrì. Ayò lè dúró jẹ́ẹ́ títí ẹni tó kàn yóò fi fọwọ́ kan án.

Ó wá ku bí fóònù fúnra rẹ̀ ṣe máa bá yín ta. Èyí tó rọrùn jù ni kó máa yan ojúlé láìwo ibi kan. Òpè nìyẹn, ẹ ó sì máa jẹ ẹ́ ní gbogbo ìgbà. Ẹ mú un gòkè díẹ̀: kó ṣe ẹ̀dà ọpọ́n sínú ìrántí rẹ̀, kó ta ojúlé mẹ́fà rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan lórí ẹ̀dà náà, kó wá yan èyí tó jẹ jù. Ìgbà yìí ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í yà yín lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ọ̀ta gidi, ẹni tó mọ ayò í ta dáadáa, ń ronú nípa ohun tí ẹnìkejì máa fi fèsì. Títa mẹ́fà, èsì mẹ́fà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan: ó lè tó ọ̀nà 36. Tí a bá fi ìgbésẹ̀ kan kún un, ó di 216; tí a bá wo ìgbésẹ̀ mẹ́wàá síwájú, ó lè ju mílíọ̀nù 60 lọ. Ibẹ̀ ni fóònù kékeré ti máa ń mí gúlegúle. Lọ́dún 2002, John Romein àti Henri Bal ní yunifásítì kan nílùú Amsterdam fi ẹ̀rọ tó ní ọpọlọ ìṣirò (processor) 144 yẹ irú ayò kan tó jọ tiwa wò, awari lórúkọ rẹ̀. Ipò ọpọ́n tó ju bílíọ̀nù 889 lọ ni wọ́n yẹ̀ wò láàárín wákàtí 51. Wọ́n rí i pé bí àwọn méjèèjì kò bá ṣi ayò ta rárá, ọ̀mì ni wọ́n máa ta.

Ẹ má tíì lé ẹ̀rọ yẹn. Ẹ ṣe èyí ná: ní ọ̀pọ̀ ibi, bí ọmọ inú ojúlé kan bá tó 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń ta á á fo ojúlé tó ti kó wọn nígbà tó bá yí dé ibẹ̀. Ẹ bi àgbà ilé yín bóyá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ta á lọ́dọ̀ yín, kí ẹ tó kọ ọ́ ní àṣẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọmọ 13 sí ojúlé 6, kí ẹ ta á. Bí ọmọ ìkẹyìn bá bọ́ sí ojúlé 8, àṣẹ yín pé. Bí ó bá bọ́ sí 7, kò fo.