Ọ̀bẹ Kì í Gbẹ́ Èkù Ara Rẹ̀: Ìtọ́jú Ọkàn fún Akẹ́kọ̀ọ́ Ìṣègùn àti Dókítà tí ó ń Kọ́ṣẹ́

Ìfáárà

Àwọn àgbà ní bí ó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Òwe yìí bá àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn mu. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹni tí a ń kọ́ láti wo ẹlòmíràn sàn kò yẹ kí ó ṣàìsàn, pàápàá jù lọ àìsàn ọkàn. Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú iṣẹ́ yìí ni pé kí ìtọ́jú wà nìkan kò tó. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ lè gbà láìbẹ̀rù pé yóò ba orúkọ tàbí iṣẹ́ òun jẹ́.

Bí ìṣòro náà ti tó

Ìwé tí wọn kò lè kà tán, òkú tí wọ́n ń là láti mọ ẹ̀yà ara, ìdánwò léraléra: ìwọ̀nyí ni ẹrù akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn. Nígbà tí ó bá di dókítà tuntun, iṣẹ́ àṣemọ́jú a tún kún un. Aláìsàn lè kú mọ́ ọn lọ́wọ́, síbẹ̀ kò ní ráyè sunkún kí ó tó lọ bá ẹni tí ó kàn.

Ní ọdún 2016, ìwé ìròyìn àwọn dókítà Amẹ́ríkà tí a ń pè ní JAMA gbé àkójọ ìwádìí kan jáde lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn tí ó lé ní 122,000 ní orílẹ̀-èdè 43. Nínú 100, nǹkan bí 27 ni ó ní àmì ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Nínú àwọn tí ó ní àmì yìí, nǹkan bí 16 péré nínú 100 ni ó wá ìtọ́jú. Ẹ wò ó, àwọn tí ó mọ ọ̀nà ilé-ìwòsàn ni kò lọ síbẹ̀!

Èdè wa àti àìsàn náà

Kí ni ó fà á? Ìtìjú wà lára rẹ̀, èdè sì ń ràn án lọ́wọ́. Bí ọ̀rọ̀ ọkàn bá ti ṣẹlẹ̀, 'wèrè' ni ó máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí wa lẹ́nu. A sì ń sọ pé wèrè dùn ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ. Ta ni yóò wá jẹ́wọ́?

Ní ọdún 1960, Raymond Prince, dókítà ọpọlọ ará Kánádà tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Arò, kọ̀wé lórí ohun tí ó rí lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà. Brain fag ni ó pè é, èyíinì ni pé àárẹ̀ mú ọpọlọ. Orí a máa gbóná tàbí kí ó máa fọ́ wọn, ojú a máa dùn wọ́n, ìwé tí wọ́n ń kà kì í sì í yé wọn mọ́. Àwọn onímọ̀ kò fohùn ṣọ̀kan bóyá àìsàn kan gédégbé ni. Èrò tiwa ni pé ó rọrùn fún akẹ́kọ̀ọ́ láti sọ pé 'orí ń fọ́ mi' ju pé 'ọkàn mi ti rẹ̀wẹ̀sì' lọ. Nítorí náà, ó yẹ kí olùkọ́ tí ó gbọ́ ti orí béèrè ti ọkàn pẹ̀lú.

Ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe

Èkíní, ẹni tí yóò tọ́jú akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí yóò fún un ní máàkì. Ní ọdún 2008, wọ́n dá irú ibi ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù fún àwọn dókítà àti oníṣègùn eyín. Dókítà lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ síbẹ̀, a ó sì bo àṣírí rẹ̀.

Èkejì, kí a má ṣe ya aláìsàn nípá. Láti ọdún 1954 ni Adéoyè Lambo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Arò, l'Abẹ́òkúta, níbi tí ó ti fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí ilé àwọn ará abúlé tí ó wà nítòsí, tàwọn ti ẹbí wọn, tí wọ́n sì ń gba ìtọ́jú láàárín ènìyàn. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ náà lè jẹ́ abúlé fún ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, bí ojúgbà wa bá ń sọ̀rọ̀ ikú ara rẹ̀, kí a má ṣe fi í ṣe àwàdà, kí a má sì fi òun nìkan sílẹ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni kí a mú un dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn. Àṣírí tí ó lè pani kì í ṣe àṣírí tí a ń pa mọ́.

Ìkádìí

Ní ọdún 1948 ni Ẹgbẹ́ Àwọn Dókítà Àgbáyé ṣe ìlànà ẹ̀jẹ́ tí a mọ̀ mọ́ Geneva. Ó di ọdún 2017 kí wọ́n tó fi kún un pé dókítà yóò máa tọ́jú ìlera ara tirẹ̀ kí ó lè tọ́jú ẹlòmíràn dáradára. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ́ dókítà nìkan kò lè ṣe é. Àwọn olùkọ́, àwọn aláṣẹ ilé-ìwòsàn àti àwa ojúgbà ni a óò jọ ṣe é. Bí ọ̀bẹ kò bá lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀, ọ̀bẹ mìíràn ni yóò bá a gbẹ́ ẹ.