Ẹ̀KỌ́ NÍPA HÍHUN ÌBORÙN LÉÈSÌ

Ní àríwá Scotland, láàrín òkun, ni àwọn erékùṣù Shetland wà. Láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn obìnrin ibẹ̀, pàápàá àwọn ará Unst, ti ń hun ìborùn tí ó fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi lè fa odidi rẹ̀ gba inú òrùka ìgbéyàwó kọjá.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe eré ọwọ́dilẹ̀, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń jẹun. Ìwádìí tí ìjọba ṣe ní 1872 fi hàn pé ọjà ni àwọn oníṣòwò sábà máa ń fún wọn dípò owó. Nítorí náà, bí ojú kan bá já bọ́ lórí abẹ́rẹ́, tí iṣẹ́ ọjọ́ púpọ̀ sì tú, oúnjẹ ilé ni ó tú.

Kí ni àṣírí iṣẹ́ yìí? Ìṣirò ni. A kì í fi abẹ gé ihò ara ìborùn. Bí a bá lọ́ òwú lé abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ihò kan yọ, ojú kan sì lé. Bí a bá hun ojú méjì pọ̀, ojú kan dín. Iye tí ó lé àti iye tí ó dín gbọ́dọ̀ dọ́gba, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, aṣọ yóò wọ́.

Obìnrin tí ó bá ti mọ fìlà ọmọ-ọwọ́ hun lè fi bátànì Shetland tí a ń pè ní Old Shale bẹ̀rẹ̀. Ojú 18 ni ó ń gbà. Bí a bá ń hun títọ́, òwú a wà lẹ́yìn iṣẹ́. Bí a bá ń hun òdì, òwú a wà níwájú.

Ìlà 1: Kí a hun gbogbo ojú ní títọ́.
Ìlà 2: Kí a hun gbogbo rẹ̀ ní òdì.
Ìlà 3: Kí a hun ojú méjì pọ̀, ní ìgbà 3. Kí a lọ́ òwú lé abẹ́rẹ́, kí a sì hun ojú 1, ní ìgbà 6. Kí a tún hun ojú méjì pọ̀, ní ìgbà 3.
Ìlà 4: Kí a hun gbogbo ojú ní títọ́.

Ní ìlà kẹta, ojú 6 dín, ojú 6 sì lé. 18 kò yẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ aṣọ fífẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ojú 36, 54 tàbí 72, yóò sì máa tún ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe títí yóò fi gùn tó.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ máa ka ojú rẹ̀ ní òpin ìlà kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ìlà 12, kí ó fi abẹ́rẹ́ ìránṣọ fa òwú aláwọ̀ mìíràn gba inú gbogbo ojú tí ó wà lórí abẹ́rẹ́, kí ó sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Bí àṣìṣe bá dé, ibẹ̀ ni títú yóò dúró.

Bí iṣẹ́ bá parí, aṣọ yóò rí wúruwùru. Kí ó má ṣe bẹ̀rù. Kí ó rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ó rọra tẹ omi ara rẹ̀ kúrò, kí ó nà án sórí ibi títẹ́jú, kí ó sì fi píìnì gún etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí yóò fi gbẹ. Nígbà náà ni gbogbo ihò náà yóò là. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.